Etí tó ń hó lóru: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Òwúrọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan ni mò ń bá wá ìmọ̀ràn. Etí rẹ̀ méjèèjì ti ń hó láti oṣù méje sẹ́yìn. Dókítà etí ti yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ohùn tínrín dáadáa mọ́. Ọ̀sán kò burú. Tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ lóru ni oorun máa ń di ìjàkadì. Kí ló lè ràn án lọ́wọ́? Níbo ló sì ti lè rí àwọn tó ní irú rẹ̀?

Ewé Ọ̀dán
Ẹ bá wa kí i o, ó ń jìyà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó má ṣe sùn nínú ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Irun wẹ́wẹ́ inú etí lọ́hùn-ún, èyí tó ń gba ohùn, kì í hù padà tó bá ti bàjẹ́. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ọpọlọ ń wá ohùn tí kò rí gbọ́ mọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá yí rédíò tí kò mú ibùdó kankan sókè: ṣàà ló kù tó ń jáde.

Ẹ wá ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀ tàbí orin nínú: òjò, omi tó ń ṣàn, fáànù. Ẹ gbé e jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì tó mítà kan, kó má ṣe fi íápíìsì gbọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà àti híhó etí yóò fi fẹ́ dàpọ̀, ṣùgbọ́n tí híhó náà ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Kó tàn án ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó dùbúlẹ̀, kó sì jẹ́ kó dún mọ́jú. Bí ohùn náà bá kú lẹ́yìn wákàtí kan, tí ojú rẹ̀ wá là lóru, híhó náà nìkan ni yóò jí bá.

Akéde
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kò fi ní yí i sókè kó bo híhó náà mọ́lẹ̀ pátápátá?

Ewé Ọ̀dán
Ohun tí ọpọlọ kò bá gbọ́ rárá kò lè mọ́ ọn lára. Gbàrà tí ẹ bá pa ohùn náà, híhó á padà wá bí àlejò. Ariwo ńlá sì tún ń ba etí jẹ́: wákàtí 8 lójúmọ́ ni òṣùwọ̀n fún ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 péré fún 91.

Ìlẹ̀kẹ̀
Kò sóhun tí mo fẹ́ yí nínú ìyẹn. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò gbọ́ ohùn tínrín mọ́, kó béèrè ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kó sì lò ó dánwò. Tí ohùn ìta bá ti ń wọlé padà, híhó á fà sẹ́yìn. Kó má máa di etí nínú ilé tó dákẹ́ o: etí tí a ń dì ní gbogbo ìgbà kì í lè fara da ohùn kékeré mọ́. Ibi ariwo nìkan ni kó ti dì í.

Ní ti ìtọ́jú, CBT (ìtọ́jú tí onímọ̀ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti yí bó ṣe ń ronú nípa ìṣòro rẹ̀ padà) ni ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù. Kì í pa híhó náà, ìpayà àti ìbínú tó ń bá a rìn ló ń dín kù. Àwọn hóró oògùn tí wọ́n ń polówó kiri ńkọ́? Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 ní kí a má fi ginkgo (oògùn ewé), melatonin (oògùn oorun) tàbí zinc tọ́jú etí híhó. Ẹ má náwó sí i.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á, bí tiyín bá jẹ́ etí kan ṣoṣo, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́: bí híhó náà bá ń lù kì kì pẹ̀lú iṣan tó ń lù lábẹ́ ìka yín, ẹ lọ pẹ̀lú. Bí etí bá dédé di lójijì, tí ẹ kò gbọ́ràn mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, torí ìtọ́jú rẹ̀ kì í fẹ́ ìdádúró. Aspirin púpọ̀, quinine, furosemide (oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀) àti abẹ́rẹ́ gentamicin (tó ń pa kòkòrò àrùn) lè dá híhó sílẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Àdùnní Odò
Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́: tinnitus ni orúkọ etí híhó lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Tinnitus UK ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti American Tinnitus Association ní Amẹ́ríkà ń tọ́ka àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́ ìrànwọ́, àwọn kan sì ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó yan èyí tó ní ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kó sá fún ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà wọn bí ó ṣe ń hó lójoojúmọ́, torí ìwọ̀n yẹn gan-an ń fa etí padà sí i. Kó lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó pinnu. Bí ayé bá sú u débi pé ó ń ronú ikú, ẹ má dúró de ẹgbẹ́ kankan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Òwúrọ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé fáànù àjà tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó?

Ewé Ọ̀dán
Ó tó, bí kò bá ń dún kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀. Ohùn tó ń já gbà máa ń pe etí síra rẹ̀. Bí ó bá ń dún bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dè é dáadáa, tàbí kó lo ohùn òjò láti inú fóònù.