A kó lọ sí ìgbèríko Alabama, kòkòrò kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Alabama:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ọkọ mi fi gbé inú fúláàtì ní Chicago, lórí àjà kẹfà, níbi tí òtútù ti ń bá wa pa kòkòrò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Oṣù kẹta ọdún yìí ni iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí ìgbèríko Alabama, níbi tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Montgomery. Ilé pákó àtijọ́ ni a rà. Orí òpó bíríkì ni wọ́n gbé e lé, ènìyàn lè rá wọ abẹ́ rẹ̀, igi óákù ńlá méjì sì ṣíji bò ó. Omi kànga tí ẹ̀rọ ń fà ni a ń mu. Mo fẹ́ràn ilé náà gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ooru ti mú ni n kò ti sùn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, tẹ òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Òkìtì náà kò ga ju ife tíì lọ, kò sì ní ihò kankan lójú, bí ẹni pé ẹnì kan kàn da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ ni. Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èèrà pupa ti bò ó dé orúnkún. Mo fi ọwọ́ gbá wọn kúrò, wọ́n sì ta èmi náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, gbogbo ibi tí wọ́n ti ta ọmọ yìí ti yọ nǹkan funfun róbótó róbótó tí ó dà bí ẹni pé ọyún wà nínú rẹ̀. Mo ka mẹ́tàlélógún lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan.

Aáyán ni èkejì. Wọ́n tóbi tó àtàǹpàkò, wọ́n ń fò, bí mo sì ti ń fọ ilé ìdáná tó ní alaalẹ́, mo ṣì ń bá méjì tàbí mẹ́ta níbi tí a ti ń fọ abọ́ bí mo bá jí lóru. Ní oṣù kẹrin pàápàá, mo gbá ìyẹ́ kòkòrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún ìkólẹ̀ lójú fèrèsé yàrá àlejò, ṣùgbọ́n èyí kò dà mí láàmú.

Màmá mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ láti Iléṣà, ní kí n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fi òtápíápíà ránṣẹ́, pé ìgò méjì ti tó. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé ọmọ mi kékeré jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó sì ń rá káàkiri ilẹ̀. Kí ni kí n ṣe, kí sì ni kí n kọ́kọ́ mú?

Ìyá Ìbejì, Georgia:

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Nígbà tí àwa náà kọ́kọ́ dé Georgia, ẹkún ọmọ ni mo fi mọ èèrà yìí. Kì í ṣe tàǹpẹ́pẹ́ ilé wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, èbúté Mobile, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, ni ó sì gbà wọlé ní àwọn ọdún 1930, inú ọkọ̀ ojú omi ni. Fire ant ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ni ó fi ń di ara mú, ìdí ni ó sì fi ń ta, ó sì lè ta lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójú kan kí ó tó jù ú sílẹ̀.

Ẹ má ṣe tú àwọn nǹkan funfun yẹn. Kò sí ọyún nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá họ wọ́n tí wọ́n tú, ìdọ̀tí á wọ ibẹ̀, á wá di egbò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e, kí ẹ sì gé èékánná rẹ̀. Bí èèrà bá tún ta á lọ́jọ́ mìíràn, tí ojú tàbí ètè rẹ̀ ń wú, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí ó ń bì, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó.

Ní ti òkìtì, ẹ má ṣe máa lé e kiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá da omi gbígbóná sí i, àwọn tó wà lókè á kú, ṣùgbọ́n ìyá wọn wà nísàlẹ̀, lọ́jọ́ kẹta ẹ ó rí òkìtì tuntun ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ti àkọ́kọ́. Ìdẹ ni ẹ máa fi pa wọ́n. Ó dà bí ọkà tí wọ́n lọ̀ ráúráú, òróró wà lára rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn á fi ẹnu ara wọn gbé e lọ bọ́ ìyá wọn. Pọ́ùn kan sí pọ́ùn kan ààbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fún éékà kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni kí ẹ tẹ̀lé. Gbogbo àgbàlá ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kì í ṣe orí òkìtì. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, òjò kò sì gbọdọ̀ rọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹ ju ègé ànàmọ́ díndín, irú tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kan, kí ẹ sì padà wá wò ó lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bí èèrà bá bò ó, ebi ń pa wọ́n nìyẹn, wọn yóò gbé ìdẹ. Bí kò bá sí ọ̀kan, oòrùn ti mú jù, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, nítorí náà òkìtì tó bá wà níbi tí ọmọ ti ń ṣeré ni kí ẹ wá oògùn orí òkìtì fún ní tirẹ̀.

Bọ̀dá Láńre, Mississippi:

Ìyá wa, èmi kì í fi àkókò ṣòfò. Pẹtiróòlù ìdajì gálọ́ọ̀nù ni mo máa ń dà sínú ihò wọn, ó tán.

Ìyá Ìbejì, Georgia:

Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba obìnrin yìí ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún wa pé omi kànga ni wọ́n ń mu. Pẹtiróòlù tí a bá dà sínú ilẹ̀ lè dé ibi tí omi yẹn ti ń wá, koríko kò ní hù níbẹ̀, iná sì lè ṣẹ́yọ. Òfin pàápàá kò gbà á.

Bàbá Káyọ̀dé, Louisiana:

Ìyàwó wa, ọdún méjìlélógún ni mo fi tún ilé pákó ṣe ní apá Gúúsù yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ẹ ní kò dà yín láàmú yẹn gan-an ni ó dẹ́rù bà mí. Ìyẹ́ tí ẹ gbá ní oṣù kẹrin, ó jọ ti èsúnsún, ìyẹn ikán tí ó hu ìyẹ́, irú èyí tí àwa ọmọdé máa ń ṣà sínú abọ́ omi lábẹ́ iná lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí àwọn ìyá wa ń bá wa yan. Ní ilé, oúnjẹ ni. Nínú ilé pákó, bí wọ́n bá yọ láti inú yàrá, a jẹ́ pé abẹ́ ilé tàbí inú ògiri ni ìtẹ́ wọn wà.

Bí ẹ bá tún rí ìyẹ́ náà ní kọ̀rọ̀, ẹ tò ó sórí ìwé funfun. Mẹ́rin ni ìyẹ́ ikán, gígùn wọn dọ́gba. Ti èèrà tó ń fò kò dọ́gba, méjì iwájú gùn ju méjì ẹ̀yìn lọ. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ yín wọ ṣòkòtò àti bùbá àtijọ́, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì, kí ó rá wọ abẹ́ ilé, kí ó yẹ òpó bíríkì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà amọ̀ tó fẹ̀ tó pẹ́ńsùlù, tó gùn láti ilẹ̀ lọ bá pákó. Bí ó bá rí i, kí ó fọ́ díẹ̀ ní àárín rẹ̀, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún ibẹ̀ mọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọn kò bá sì tún un mọ, ẹ má tìtorí ìyẹn sùn, nítorí ikán lè gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ wá ìwé àyẹ̀wò ikán láàrin ìwé ilé yín, kí ẹ sì pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti wá wò ó.

Wọn yóò fi àdéhùn lọ̀ yín, tí ẹ óò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé oògùn nìkan ni wọn yóò tún wá fín bí ikán bá padà, òmíràn sì wà tí wọn yóò tún pákó tí ikán jẹ ṣe. Ìyàtọ̀ méjèèjì pọ̀ púpọ̀, torí pé ìbánigbófò ilé kì í sábà san owó ohun tí ikán bá jẹ.

Ní ti aáyán, kì í ṣe ìdọ̀tí yín ni ó pè wọ́n. Irú ńlá yẹn, ìta ni ilé rẹ̀, abẹ́ ewé gbígbẹ óákù àti abẹ́ èèpo igi tí wọ́n ń tẹ́ sídìí òdòdó, omi ni ó sì ń wá wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní alẹ́, ẹ pa gbogbo iná ilé, kí ẹnì kan dúró sí ìta kí ó máa tan tọ́ọ̀ṣì yí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ká, kí ẹ̀yin máa wò ó láti inú òkùnkùn. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ẹ sàmì sí i. Ẹ kan rọ́bà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ dí ẹ̀gbẹ́ páìpù abẹ́ ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́, ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń kán ṣe, kí ẹ sì kó ewé jìnnà sí ògiri. Oògùn aáyán kan wà tó ki bí ọṣẹ ìfọyín, inú ike tó dà bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á sí, ẹ kán an bí ẹyọ ìrẹsì sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ẹ má wá fín oògùn mìíràn lé e lórí o, òórùn rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Alabama:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n bí mo ti ń ka èyí. Ọkọ mi ti ń wá tọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ béèrè ọ̀kan sí i: Màmá mi máa ń wọ inú koríko ẹ̀yìnkùlé láti wo ewé tó jọ ewé ilé wa, wọ́n sì ti já eégbọn kan ní itan lánàá. Ó ní àmì funfun kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní, Tennessee:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti òtápíápíà. Ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó wọ ilé yín. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní DDVP (dichlorvos) ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, iṣan ara ni ó ń bá jà, ti aáyán àti ti ọmọ ènìyàn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń rá, tó sì ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019, NAFDAC ló ṣe é. Bí ọmọ bá fi ẹnu kan oògùn kòkòrò èyíkéyìí, nọ́ńbà àwọn tó ń bójú tó ọ̀ràn májèlé (Poison Control), 1-800-222-1222, ni kí ẹ pè, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ sì ni.

Eégbọn alámì funfun yẹn, lone star tick ni, abo rẹ̀ ni ó ní àmì náà. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n fà á jáde pẹ̀lú orí. Ẹ̀mú kékeré ni a fi ń mú u, níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù lọ, a ó sì fà á tààrà láìyí i. A kì í fi iná sí i, a kì í sì í fi bàsílíìnì pa á. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí ara Màmá bá gbóná, tàbí tí ara bá sú láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa eégbọn náà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé Yorùbá ní Gúúsù mọ̀. Itọ́ eégbọn yìí lè mú kí ara ènìyàn kọ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀. Alpha-gal ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni ó ń hàn, wákàtí méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ ni, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń jí lóru tí ara ń yún wọn, tí inú ń rún wọn, tí wọn kò sì rò ó mọ́ ògúnfe àṣálẹ́. Àwọn mìíràn kì í lè mí dáadáa. Adìẹ, tòlótòló àti ẹja kò ní wàhálà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí eégbọn bá jẹ ni ó ń ṣe, ẹ má dẹ́rù ba Màmá, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ wọn. Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ẹsẹ̀ ṣòkòtò bí wọ́n bá ń lọ wo ewé, kí ẹ fín oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní permethrin sára aṣọ náà, kì í ṣe sára ènìyàn, kí ó sì gbẹ dáadáa kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ní ológbò, ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ ọn nígbà tó bá ṣì tutù.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Alabama:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí wa. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ wa ni ó ní ọ́fíìsì Extension, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba àgbẹ̀ àti onílé ní ìmọ̀ràn, tí yunifásítì Auburn àti Alabama A&M ń ṣe àkóso rẹ̀. Ẹ kó ìyẹ́ yẹn àti òkú eégbọn náà sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ bá wọn, wọn yóò sọ ohun tó jẹ́ fún yín láìta oògùn kankan fún yín. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní agbègbè yín: láti ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, tí kò jìnnà sí Montgomery, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ tí ẹranko ń fà gbé ìmọ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ dúdú nínú oko wọn ní ọdún 1906, ìmọ̀ràn George Washington Carver, onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn, sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn kò tíì yọ yín lẹ́nu ni, wọ́n ń bọ̀. Ẹ máa da omi inú ìkòkò òdòdó nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, Alabama:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Ọkọ mi rí ọ̀nà amọ̀ méjì lára òpó kẹta, ó fọ́ wọn, wọ́n sì ti tún ọ̀kan mọ. Ní alẹ́ tí a tan tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ẹni pé wọn kò ti ilẹ̀kùn rárá. A ti kan rọ́bà sí i, aáyán kan ṣoṣo ni mo rí láti ọjọ́ náà. A fọ́n ìdẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí èèrà ti bo ànàmọ́ díndín náà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Màmá kọ́kọ́ bínú nítorí òtápíápíà, ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn pé kí ó má fi ránṣẹ́ mọ́. Ara wọn le, wọ́n jẹ ẹran ewúrẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, a jókòó tì wọ́n di aago méjìlá òru, kò sí nǹkan kan. Ní aago mẹ́wàá ọ̀la ni ẹni tó ń yẹ ikán wò ń bọ̀. Bàbá Káyọ̀dé, bí ó bá mú ìwé àdéhùn wá, ṣé mo lè ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ bá mi kà á kí a tó fọwọ́ sí i?

Bàbá Káyọ̀dé, Louisiana:

Ẹ fi ránṣẹ́, ìyàwó wa. Mo máa wà nílé láti àárọ̀.