Báwo ni ìmọ̀ àṣà ṣe lè wọ inú gbogbo iṣẹ́ láìpa Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ lára?

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ìbàdàn:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń ka Gẹ̀ẹ́sì já geere, ṣùgbọ́n bí àyọkà bá ti mẹ́nu ba ìwúyè, èésú tàbí iṣẹ́ àáró, wọn á kàn máa pe ọ̀rọ̀ lọ ni, òye kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú iṣẹ́ Yorùbá nìkan ni a ti ń kọ́ wọn ní àṣà, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Mo dábàá pé kí a mú un wọ inú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní àwọn òbí yóò sọ pé a fẹ́ ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn jẹ́. Kí ni kí n fi dá wọn lóhùn, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìtara. Ìdáhùn sí ẹ̀rù wọn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Apá kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí àṣà ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ta àwọn yòókù yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì rẹ̀yìn. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó ṣeé ṣe.

Òbí kan, Èkó:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ Mọ̀dákẹ́kẹ́ kì í ṣe Èkó. Ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá ló jọ wà nínú kíláàsì ọmọ mi. Inú mi dùn sí òfin ọdún 2018 tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ìpínlẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àṣà ta ni a óò fi kọ́ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ ìṣirò, Ọ̀yọ́:
Ẹ fi ọjà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ná ọjà ọrún-ọrún ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an, nítorí a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn; bí a kò bá kà á mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò ìgbà tí yóò tún bọ́ sí Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 28 ni wọn yóò rí, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí a lè fi 4 àti 7 pín láìṣẹ́kù. Ní ti ìbéèrè òbí wa, àwọn Ìgbò náà ní ọjọ́ ọjà mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ọmọ Ìgbò yóò rí tirẹ̀ sọ, ìṣirò kan náà ni gbogbo wọn yóò sì jọ ṣe.

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun púpọ̀. N óò mú ọ̀rọ̀ Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ sí ìpàdé àwọn òbí. Ní ti sáyẹ́ǹsì ńkọ́, ṣé aró ni àbí ọṣẹ dúdú?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ọṣẹ dúdú ni, nítorí eérú èèpo kòkó àti àdín kò ṣòro láti rí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ di omi eérú náà mú o, ó máa ń jẹ ọwọ́.