Ẹnì kan pè, gbogbo ọ̀nà 30 kún

Akin_PBX: Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Asterisk (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè fóònù ilé iṣẹ́) là ń lò l'Ékòó, òun náà là ń lò n'Íbàdàn, E1 kan (ìlà tó ń gbé ìpè 30 lẹ́ẹ̀kan náà) ló so wọ́n pọ̀. Èkó ní nọ́ńbà 200 sí 299, Ìbàdàn ní 400 sí 499. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé lójijì gbogbo ọ̀nà 30 á kún, cause 34 (kóòdù pé kò sí ọ̀nà tó ṣófo) lẹni tó bá pè á máa rí. Lánàá mo wò ó lójú mi kòrókòró: ẹnì kan ṣoṣo ló gbé fóònù! Bó ṣe gbé e kalẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá ti ní ká ra E1 kejì.

Gbénga Wáyà: Ẹ yẹ clock (aago tó ń mú ìhà méjèèjì rìn pọ̀) wò. Ìhà kan ṣoṣo ló yẹ kó máa darí ìkejì.

Ìyá Switch: Clock kọ́. Tó bá jẹ́ clock ni, ẹ ó máa gbọ́ tá-tá-tá nínú ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà wo lẹni yẹn tẹ̀? Kí sì ni Ìbàdàn ń ṣe sí nọ́ńbà tí kò mọ̀?

Akin_PBX: 467, mà. Ẹni tó ni ín ti fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò. Èyí tí Ìbàdàn ò bá mọ̀, Èkó ló ń fi í ránṣẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni ìlà ìta wà.

Ìyá Switch: Háà! Èkó rí 4, ó jù ú s'Íbàdàn. Ìbàdàn ò mọ 467, ó jù ú padà s'Ékòó. Èkó tún rí 4. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jù ú, ọ̀nà kan ti lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti pé 30. Ẹ tẹ `pri set debug on span 1`, ẹ ó rí SETUP (ìránṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìpè) tó ń lọ tó ń bọ̀, 467 kan náà. Àbí ẹ gba ohùn "ọ̀nà dí" sílẹ̀ síbẹ̀?

Akin_PBX: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó máa ń tún ara ẹ̀ sọ ni.

Ìyá Switch: Òun ló dì wọ́n mú. Láìsí i, cause 34 yẹn ì bá ti tú gbogbo wọn ká kíá. N'Íbàdàn, ẹ ya context (abala òfin ìpè) tí ìpè Èkó ń gbà wọlé sọ́tọ̀, 4XX tó wà nìkan ni kó mọ̀. Ìyókù, `Hangup(1)`: kó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú cause 1, ìyẹn ni pé nọ́ńbà yẹn kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ ìlà ìta, kó kọ́kọ́ tẹ 9.

Délé_London: BT (ilé iṣẹ́ fóònù) níbí ti ní January 2027 làwọn máa pa ISDN (irú ìlà bíi E1 yín yẹn). Ẹ bọ́ sí SIP (ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì) jàre.

Ìyá Switch: SIP náà á máa yí bí ètò bá rí báyìí.

Akin_PBX: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ 467: cause 1, ọ̀nà kan péré ló tàn, ó kú. Ẹ ṣé gan-an mà! Ẹ jẹ́ n sáré bá ọ̀gá kó tó sanwó E1 yẹn.