Ìrírí wa láàárín àwọn Inuit: nígbà tí òkun ò bá dì lásìkò

Nọ́ọ̀sì ní Iqaluit:
Ẹ kú ilé o. Iqaluit, olú-ìlú Nunavut ní Kánádà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí títì tó so ìlú yìí mọ́ ìlú mìíràn. Tí òkun bá dì, yìnyín orí rẹ̀ ni títì àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibi òtútù yìí, òun náà sì ni oko wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa síìlì, ẹran inú òkun tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń fi awọ rẹ̀ rán bàtà àti aṣọ òtútù.

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa mú mi dé etí òkun. Ó fi ọ̀kọ̀ gún yìnyín. Bí ọ̀kọ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Bàbá ní yìnyín ń pẹ́ kó tó dì báyìí, ó sì ń tètè yọ́. Afẹ́fẹ́ pàápàá ò fẹ́ bí àwọn ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dọdẹ láti kékeré, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti rán ọmọ ọmọ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Oúnjẹ ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Bàálù ló ń gbé ewébẹ̀ àti wàrà wá, owó rẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí. Síìlì tí ọdẹ kan bá pa máa ń kan ẹbí, ó ń kan àwọn arúgbó tí kò lè jáde mọ́. Tí ọdẹ bá jókòó sílé, gbogbo wọn ló kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní St. John's:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi dé Nain, ìlú àwọn Inuit ní etíkun Labrador, ní Kánádà níbí náà. Ìgbà òtútù 2009 sí 2010 móoru débi pé yìnyín ò ki, àwọn kan sì já sómi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yunifásítì Memorial àti ìjọba Nunatsiavut, ìyẹn ìjọba àwọn Inuit Labrador, dá ètò kan tó ń jẹ́ SmartICE sílẹ̀. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn bí yìnyín ṣe nípọn sórí qamutik, pákó tí alùpùpù orí yìnyín máa ń wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Inuit fúnra wọn ló ń wà á. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn àgbà ló ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n wọ̀n, torí àwọn ló mọ ibi tí ìṣàn omi ti ń jẹ yìnyín lábẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Iqaluit:
O ṣeun, àbúrò. Àwọn Inuit ò dákẹ́ rárá. Ní 2005, Sheila Watt-Cloutier, aṣáájú àwọn Inuit, àti àwọn Inuit 62 mìíràn gbé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA) lọ sọ́dọ̀ àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà, pé èéfín rẹ̀ ń mú ayé móoru, ó sì ń ba ìgbésí ayé wọn jẹ́. Àjọ náà ò gba ẹjọ́ ọ̀hún wọlé. Ẹni tó bá ń gbé Alaska tàbí Greenland, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń rí lọ́dọ̀ tiyín?