FNP àbí AGACNP: èwo ló bá iṣẹ́ ICU mu ní Texas?

Nọ́ọ̀sì_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. RN (nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ) ni mí ní ICU àgbàlagbà, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an; mo ti ní BSN, oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kàwé nurse practitioner (NP), nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i tó lè yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn. FNP, ìyẹn NP ìdílé, ni gbogbo èèyàn ní kí n ṣe, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ICU náà ni mo fẹ́ wà. Ṣé FNP gbà bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n bi ilé ìwé kí n tó sanwó?

Ìyá_Ìbejì:
Àbúrò, ẹ má ṣe FNP. Lóòótọ́, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé arúgbó ni FNP ń tọ́jú, ṣùgbọ́n àìsàn kílíníìkì ni: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́, àyẹ̀wò ọdọọdún. Aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí oògùn ń kán sí i lára kí ìfúnpá rẹ̀ má bàa já, kò sí nínú ẹ̀kọ́ yẹn. AGACNP, ìyẹn NP fún àgbàlagbà àti arúgbó tí àìsàn wọn le, lẹ ń wá. ANCC àti AACN (ti àwọn nọ́ọ̀sì ICU), àwọn àjọ tó ń fún NP ní ìwé ẹ̀rí, ló ń ṣe ìdánwò rẹ̀. AANPCB, àjọ mìíràn bẹ́ẹ̀, ò ní in.

Ohun tí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Texas máa wò ni ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ àti ìwé ẹ̀rí yín, kì í ṣe iye ọdún tí ẹ lò ní ICU. Ọsibítù lè ní kò séwu kí FNP ṣiṣẹ́ ní ICU. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dẹjọ́, ìwé àṣẹ tiyín ni wọ́n máa fà. Ẹni tó ti ṣe FNP tán á tún padà lọ gba post-master's certificate (ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ti ní master's ń kà kún un), owó mìíràn, wákàtí mìíràn. AGACNP náà ní ààlà tirẹ̀ o: kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí ED (ẹ̀ka pàjáwìrì) tó ń gba tọmọdé tàgbà fi máa ń wá FNP.

Àdìó_Dallas:
Ní ti ilé ìwé: ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló ń wá preceptor (dókítà tàbí NP tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́) tàbí ẹ̀yin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há. Ẹ lè rí dókítà tó gbà, kí àdéhùn láàárín ilé ìwé àti ọsibítù má tíì parí, sáà á kọjá lórí yín. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ tún wò ó bóyá pathophysiology (bí àìsàn ṣe ń ṣe ara), pharmacology (ẹ̀kọ́ oògùn) àti health assessment (àyẹ̀wò ara) dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí transcript, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín.

Bàbá_Ẹlẹ́gbin:
Òfin ńkọ́? Ní Texas, NP ò lè kọ oògùn láìsí àdéhùn tó fọwọ́ sí pẹ̀lú dókítà. Níta ọsibítù, dókítà kan ò sábà gbọ́dọ̀ bá ju èèyàn 7 lọ ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Oògùn Schedule II (oògùn líle tó lè di bárakú), bíi hydrocodone, inú ọsibítù tàbí hospice (ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní wò mọ́) nìkan lẹ ti lè kọ ọ́. Èyí kì í dun ẹni tó wà ní ICU. Ará kílíníìkì ló ń jẹ níyà. New Mexico tó múlé tì wá ò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì_Houston:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé wọ́n á ka wákàtí ICU mi mọ́ ti ilé ìwé?

Ìyá_Ìbejì:
Ìṣẹ́jú kan ò wọ̀ ọ́. Ó kéré tán, wákàtí 750 ni ìlànà ẹ̀kọ́ NP ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2022, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ NP fi tọ́jú aláìsàn, lábẹ́ preceptor, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Tí ilé ìwé bá ní 500 tó, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa.