Òjò fọ síléètì mi

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ ìtàn iléèwé tiyín. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni wọ́n mú mi lọ síléèwé, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Abúlé oko kòkó la wà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Wàá gbé apá gba orí kọjá, tọ́wọ́ ẹ bá kan etí kejì, o ti tó ọmọ iléèwé. Tèmi ò tó. Mo bá dọ́gbọ́n tẹ orí. Tíṣà rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ mi.

Ilé alámọ̀ ni iléèwé náà, ewé gbòdógì la fi bo òrùlé rẹ̀. Síléètì, òkúta dúdú pẹlẹbẹ, la fi ń kọ̀wé, igi yí etí rẹ̀ ká. Tíṣà kò fẹ́ ká máa tutọ́ nù ún, ṣùgbọ́n itọ́ náà la ń lò tó bá ti kọ̀yìn.

Lọ́jọ́ kan, ó fún wa ní ìṣirò mẹ́wàá. Nídìí àtùpà ni mo ti ṣe é lálẹ́. Láàárọ̀, òjò ká mi mọ́nà. Mo já ewé ògẹ̀dẹ̀ borí, mi ò rántí bo síléètì. Ìgbà tí mo fi dé kíláàsì, ó ti mọ́ tónítóní! Mo ti ń fọwọ́ pa ìdí kí ẹgba tó dé.

Ṣùgbọ́n yàrá kan nílé bàbá mi ni Tíṣà ń gbé. Ó ní, "Mo rí i nídìí àtùpà lánàá." Ó ní kí n wá ṣe mẹ́ta lójú pátákó. Mo gba méjì. Ẹgba kan ni mo jẹ fún ẹ̀kẹta. (Mi ò yin ẹgba o, ẹ má bá mi jà.)

Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún ọmọ iléèwé, lọ́dún 2013, ọmọ ọmọ mi gba tiẹ̀. Ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú ẹ̀. Mo wọ awò ojú, mo yí i síwá sẹ́yìn: síléètì mi rèé! Mo ní, "Kí lẹ fi ń nù ún?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ ló wá kan lọ́dún tó kọjá. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kó tó fi ránṣẹ́, fóònù já sínú korobá omi. Ọmọ ń sunkún, tíṣà tiwọn sì rèé, ìlú ló ń gbé, ọ̀kadà ló ń gbé e wá láàárọ̀. Ta ni yóò jẹ́rìí? Mo mú ọ̀pá mi, mo tẹ̀lé ọmọ lọ síléèwé.

Mo ní, "Tíṣà, ó ṣe é. Ìṣojú mi ló ṣe é."

Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Ó kọ ìbéèrè kan sójú pátákó fún un. Ọmọ gbà á. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn ni mi ò gbà á.