Ìdáhùn ti yọ: fọ́ìlì tí kò dán ni mo mú fún káàdì Màmá

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo bèèrè pé nínú fọ́ìlì góòlù (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ bébà) tó ń kọ mọ̀nà bíi dígí àti èyí tí kò dán, èwo ni kí n fi tẹ káàdì ìpè ọdún 80 ìyá mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, mo ní kí wọ́n tẹ méjèèjì sórí bébà aláwọ̀ aró kan náà. Èyí tó ń dán rẹwà lóòótọ́, àmọ́ lábẹ́ iná, àfi kéèyàn máa yí káàdì síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó rí àdírẹ́sì kà. Màmá mú èyí tí kò dán, wọ́n kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn mi balẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà o! Òǹtẹ̀ irin gbígbóná ló ń lẹ fọ́ìlì mọ́ bébà. Tí lẹ́tà bá kéré, góòlù á dí àlàfo rẹ̀. Nínú “Àṣàkẹ́”, àmì abẹ́ ṣ ti lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Mo ní kí wọ́n lo lẹ́tà tó tóbi sí i. Orúkọ ìyá mi ni.

“80” tó wà níwájú nìkan la fi èyí tó ń dán tẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì, ìtẹ̀ méjì, owó sì lé sí i. Mo san án tayọ̀tayọ̀. Káàdì ti délé láàárọ̀ yìí.